Wọ́n ní olódo ni, àṣé pátákó ni kò rí! Bí ọmọ kan ní etíkun Àgbádárìgì ṣe gba ipò kẹrin, tí wọ́n tún dá a padà sẹ́yìn

Nígbà tí wọ́n pe orúkọ ọmọ náà pé òun ló ṣe ipò kẹrin ní kíláàsì, kò dìde. Ó rò pé ẹlòmíì ni wọ́n ń pè. Àfìgbà tí ẹni tó jókòó tì í fi ìgúnpá gbún un kó tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ẹ má dá a lẹ́bi, ẹ̀yin èèyàn wa. Látìgbà tó ti wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yẹn, ìsàlẹ̀ pátápátá lorúkọ ẹ̀ máa ń wà. Orúkọ tí gbogbo wa sì fi mọ̀ ọ́n kì í ṣe èyí tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́. Olódo la máa ń pè é. Èmi tí mò ń kọ ìròyìn yìí náà pè é bẹ́ẹ̀, nítorí kíláàsì kan náà la jọ wà, mi ò sì ní purọ́ fún yín.

Abúlé apẹja kan ní etíkun Àgbádárìgì, ìyẹn Badagry, nilé-ìwé náà wà. Mi ò ní dárúkọ abúlé náà, mi ò sì ní dárúkọ ọmọ náà, torí ó ti di baba ọlọ́mọ báyìí. Ó ti lé lógún ọdún tọ́rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n irú ẹ̀ lè máa ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń ka ìwé ìròyìn yìí, ní kíláàsì tọ́mọ tiyín jókòó sí.

Bó ṣe máa ń rí ni pé bí tíṣà bá ti kọ iṣẹ́ sójú pátákó, tó ní ká dà á kọ, tiẹ̀ á rí játijàti. 6 á di 8, 3 á di 5. Bí wọ́n bá ní kó dìde kó ka ohun tó wà lójú pátákó, á kàn dúró bí ère ni, omi á máa dà lójú ẹ̀. Pàṣán ló sì máa ń tẹ̀ lé e. Wọ́n nà án títí tí ara ẹ̀ fi le. Ìyá ẹ̀ tó ń yan ẹja mú un lọ sọ́dọ̀ wòlíì, wọ́n ní àwọn ayé ló dì í mú. Wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n wẹ̀ ẹ́ létí òkun lóru. Ilẹ̀ mọ́, ọmọ délé-ìwé, ó tún kọ 6 ní 8.

Kíláàsì kẹrin la wà tí àgùnbánirọ̀ kan fi dé. Obìnrin ni, a sì máa ń pè é ní Àǹtí Kọ́pà. Kò pẹ́ tó fi ṣàkíyèsí ohun kan. Bó bá ti bèèrè ìṣirò lẹ́nu lásán, tí kò kọ ọ́ síbì kankan, ọwọ́ Olódo ló máa ń kọ́kọ́ lọ sókè. Bó bá pa àlọ́, ọmọ yẹn á tún un pa láìfo ibì kan. Ṣùgbọ́n tó bá ti kan ojú pátákó báyìí, ó parí. Lọ́jọ́ kan, Àǹtí Kọ́pà wá a débi tó jókòó sí lẹ́yìn, ó bá a tó gbé ìwé kàn nímú bí ẹni tó fẹ́ gbóòórùn ẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yé e. Ọmọ yìí kì í ṣe olódo rárá. Kò ríran jìnnà ni!

Kò gbàdúrà lé e lórí, kò sì nà án. Nǹkan mẹ́ta péré ló ṣe. Ó gbé e wá síwájú, síbi bẹ́ńṣì àkọ́kọ́. Ó ní ká lọ wá èédú àti ewé, ká fi kun pátákó náà kó dúdú dáadáa, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé gàdàgbà-gadagba. Ẹ̀kẹta, ó ní kí ẹni tó jókòó ti ọmọ náà máa ka ohun tóun bá kọ sí i létí jẹ́jẹ́. Ó tán. Nígbà tí sáà yẹn máa fi parí, ọmọ tó máa ń gbẹ̀yìn gba ipò kẹrin.

Ẹ̀yin náà mọ̀ wá, a ò lè ṣe ká má sọ̀rọ̀. Níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja, wọ́n ní òògùn ìsọ̀yè ni kọ́pà náà lò fún un. Àwọn ìyá kan tiẹ̀ lọ bá a pé kó jọ̀ọ́, kó ṣe díẹ̀ fọ́mọ tàwọn náà, àwọn á san iye yòówù kó jẹ́.

Ọdún kan làwọn àgùnbánirọ̀ fi ń sìnlú. Nígbà tí tiẹ̀ pé, ó palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́, ó lọ. Tíṣà mìíràn dé, ọkùnrin tó le dáadáa. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọlé, ó ní kíláàsì wa rí játijàti, ó sì fi gíga tún wa tò, kúkúrú níwájú, gíga lẹ́yìn. Ọmọ tí à ń wí yìí ga. Bó ṣe padà sẹ́yìn nìyẹn! Kò sẹ́ni tó sọ fún tíṣà. Kò sí ibì kan tí wọ́n kọ ọ́ sí. Àwa tá a mọ̀ bẹ̀rù pàṣán. Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, orúkọ ẹ̀ tún ti wà nísàlẹ̀, àwọn ará abúlé sì ní òògùn kọ́pà ti tán lára ẹ̀. Kò ka ìwé mẹ́fà parí tó fi tẹ̀ lé bàbá ẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ohun tó mú wa gbé ọ̀rọ̀ yìí wá nìyẹn. Èèyàn máa ń rò pé ọmọ tójú ń dùn, tí etí ń dà láàmú, tí kò lè rìn, tàbí tí ọpọlọ ẹ̀ kò tètè gba nǹkan, iṣẹ́ ìyanu ló máa gbà kó tó lè kàwé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà mìíràn, ibi tó jókòó sí ló kù ká yí padà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé àánú ẹnì kan ṣoṣo ni ọmọ gbára lé, ọjọ́ tẹ́nì kan ọ̀hún bá kó ẹrù ẹ̀ lọ, ó parí nìyẹn.

Ìlú wo ló sì yẹ kó mọ iyì ilé-ìwé ju Àgbádárìgì lọ? Ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tó di 1843, William de Graft àti ìyàwó ẹ̀ ti ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé níbẹ̀, ìyẹn làwọn òpìtàn sì kà sí ilé-ìwé onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Lọ́dún 1845, àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà síbẹ̀ kan náà, ilé ọ̀hún ṣì wà lórí ìdúró dòní. Ó ti lé ní 180 ọdún tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní A, B, D létíkun yẹn.

Síbẹ̀, bí òbí kan ní Àgbádárìgì bá bí ọmọ tí kò ríran tàbí tí kò gbọ́ràn, Sùúrùlérè ni wọ́n sábà máa ń ní kó gbé e lọ. Pacelli wà níbẹ̀, ilé-ìwé àwọn afọ́jú àtàwọn ọmọ tójú wọn kò ríran dáadáa, tí ìjọ Kátólíìkì dá sílẹ̀ lọ́dún 1962. Wesley tó jẹ́ tàwọn adití wà níbẹ̀. Atunda-Olu wà níbẹ̀ fáwọn ọmọ tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ń dà láàmú. Modupe Cole wà ní Akọka fáwọn tí ọpọlọ wọn kò tètè gbé nǹkan. Ẹ má ṣì wá gbọ́ o, iṣẹ́ ribiribi làwọn ilé-ìwé yìí ń ṣe. Cobhams Asuquo, gbajúmọ̀ olórin tó tún máa ń bá àwọn olórin mìíràn ṣe àwo, tí kò ríran látìgbà tí wọ́n ti bí i, Pacelli ló ti kàwé.

Ṣùgbọ́n láti Àgbádárìgì dé Sùúrùlérè tó nǹkan bíi 60 kìlómítà, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tójú máa ń rí lọ́nà yẹn. Apẹja wo ló máa rówó ọkọ̀ ẹ̀ lójoojúmọ́? Bí wọ́n bá sì ní kọ́mọ máa gbébẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìyá lọkàn ẹ̀ á gbà á kí ọmọ ọdún mẹ́fà kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀. Èyí tó tún wá pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ náà, ojú wọn kò fọ́ tán, etí wọn kò di tán. Àárín méjì ni wọ́n wà. Ilé-ìwé àdúgbò ni wọ́n máa lọ, ibẹ̀ náà ló sì yẹ ká ti gbà wọ́n là.

Kí ni tíṣà lè ṣe? Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ tó bá ń fún ojú pọ̀, tó ń gbé ìwé súnmọ́ ojú, tó jẹ́ pé ìwé ẹnìkejì ló ń wò dà kọ, ẹ gbé e wá síwájú, kẹ́ ẹ sì sọ fún òbí ẹ̀ pé kó gbé e lọ sí ọsibítù tí wọ́n ti ń wo ojú. Awò ojú lè yanjú ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀. Tàwọn àfín tún yàtọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kì í ríran jìnnà, awò ojú kì í sì í yanjú ẹ̀ tán. Oòrùn etíkun sì tún ń gún wọn lójú. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Iwájú ni kó wà, kó kọ ẹ̀yìn síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa dé fìlà, kó sì máa wẹ̀wù alápá gígùn kódà bí aṣọ ilé-ìwé bá jẹ́ alápá péńpé. Bó bá fẹ́ dìde lọ síwájú pátákó kó lè rí i, ẹ má pariwo mọ́ ọn.

Èyí tí kò ríran rárá, Braille ló máa lò, ìyẹn ìwé oníkókó tí wọ́n ń fi ìka kà. Louis Braille, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n bí lọ́dún 1809, ló ṣe é. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí irin tí bàbá ẹ̀ fi ń lu awọ gún un lójú. Kó tó pé ọmọ ogún ọdún ló ti wá ọgbọ́n sí i pé kókó mẹ́fà péré, bí èèyàn bá tò wọ́n lóríṣiríṣi, lè kọ gbogbo ohun tẹ́nu ń sọ. Títí tí ìwé Braille á fi dé ọwọ́ ọmọ náà, tíṣà lè máa pe gbogbo ohun tó bá ń kọ síta. Kó má ṣe wí pé, "Ẹ fi èyí kún ìyẹn." Kó wí pé, "Ẹ fi 7 kún 12." Kò ná an ní kọ́bọ̀.

Ó kan ti etí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti kàwé nílé-ìwé onípáànù létíkun, ẹ ò lè gbàgbé bó ṣe máa ń rí tí òjò bá dé. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ẹnìkejì ẹ̀ mọ́. Kí ni tíṣà máa ń ṣe? Á yíjú sí wa, á la ẹnu ẹ̀ dáadáa, á fọwọ́ ṣàpèjúwe, á kọ ọ́ sójú pátákó. A sì máa ń gbọ́ ọ yé! Ẹ̀yin tíṣà, ẹ ti mọ̀ ọ́n ṣe tipẹ́. Ọmọ tí etí ń dùn, ojoojúmọ́ lòjò ń rọ̀ lórí páànù tiẹ̀. Ẹ má kọjú sí pátákó kẹ́ ẹ máa sọ̀rọ̀. Ẹ má fi ìwé bo ẹnu. Ẹ jẹ́ kó jókòó síwájú, kí etí tó ń gbọ́ràn kọjú sí yín. Ọmọ tí etí ẹ̀ bá sì ń ṣọyún, kí òbí ẹ̀ gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ má rọ epo sí i, irú etí bẹ́ẹ̀ lè di pátápátá.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ ti Àgbádárìgì gan-an. Èdè Ègùn ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń sọ nílé níbẹ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wọ kíláàsì tó bá Yorùbá àti Òyìnbó, á máa wò bọ̀ọ̀. Tíṣà á rò pé adití ni tàbí pé orí ẹ̀ kò pé. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n lè máa rò pé ọmọ tí kò gbọ́ràn lóòótọ́ kàn jẹ́ Ègùn tí kò gbédè, tí wọ́n á máa retí pé á gbọ́ ọ tó bá yá, títí ọdún á fi gorí ọdún. Ẹ pe ẹni tó gbọ́ Ègùn kó bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ látẹ̀yìn, níbi tí kò ti ní rí ẹnu ẹ̀. Kíá lẹ máa mọ èyí tó jẹ́.

Ọmọ tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ ńkọ́? Yanrìn etíkun kì í jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ yí, ṣùgbọ́n pákó tí wọ́n bá tò láti géètì dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì, ọ̀sán ọjọ́ kan ni káfíńtà máa fi parí ẹ̀. Dípò àtẹ̀gùn, ẹ da kọnkéré gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síbẹ̀. Bí kíláàsì bá wà lókè, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ìtìjú ni kó jẹ́ pé ìlú tó ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ lọmọ kan ti ń jókòó sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, tó ń gbóhùn ẹgbẹ́ ẹ̀ lókè.

Àwọn tí ọpọlọ wọn kò tètè gbé nǹkan sì rèé, iṣẹ́ tẹ́ ẹ fún àwọn yòókù, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́ fún wọn. Dípò ìṣirò mẹ́wàá, ẹ fún un ní mẹ́ta kó ṣe é yanjú. Ọmọ tí kò mọ 4 lójú pátákó, ẹ kó àgbọn mẹ́rin síwájú ẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tó ń tajà, ẹ kúkú mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n ní kò mọ̀ṣirò nílé-ìwé kì í ṣì ṣẹ́ńjì fún oníbàárà.

Tíṣà kan lè ní, "Ọmọ tó wà ní kíláàsì mi lé ní 50, ìgbà wo ni mo fẹ́ ráyè?" A gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó síwájú àti ẹni tó jókòó sẹ́yìn, bẹ́ńṣì kan náà ni wọ́n ń lò. Ìyẹn kò sì ní ká máà sọ òótọ́: gbogbo ẹ̀ kọ́ ni tíṣà lè dá ṣe. Ìwé Braille ń náni lówó, olùkọ́ tó gbọ́ èdè ọwọ́ tàwọn adití, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́ ọ níṣẹ́ ni. Nàìjíríà kúkú ní ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀, ó wà ní Ọ̀yọ́ láti ọdún 1977. Iṣẹ́ ìjọba ni láti gbà wọ́n síṣẹ́, kó sì pín wọn dé abúlé.

Ìtàn Andrew Foster wà níbẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí àìsàn di etí ẹ̀ méjèèjì. Nígbà tó dé Gánà lọ́dún 1957, kò rówó kọ́lé. Kíláàsì ilé-ìwé àwọn ọmọ tó ń gbọ́ràn ló tọrọ, òun àtàwọn adití á wọbẹ̀ nígbà táwọn yẹn bá ti lọ sílé. Lọ́dún 1960, ó dá tìlú Ìbàdàn sílẹ̀. Kó tó kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ òfúrufú ní Rwanda lọ́dún 1987, ilé-ìwé tó dá sílẹ̀ ní Áfíríkà ti lé ní 30. Bẹ́ńṣì àyálò ló fi bẹ̀rẹ̀.

Kí òbí má sì rò pé ojúure làwọn ń tọrọ o. Òfin ni! Ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin àwọn àkàndá ẹ̀dá lọ́dún 2011, òun ló gbé àjọ LASODA kalẹ̀, ibẹ̀ lèèyàn ti lè fẹjọ́ sùn. Tìjọba àpapọ̀, oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí i. Òfin náà sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá títí dé ilé-ìwé gíráámà, ó sì ní gbogbo ilé-ìwé ìjọba gbọ́dọ̀ lè gbà wọ́n wọlé, kó sì ní ó kéré tán ẹnì kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn. Ìpínlẹ̀ Èkó ti fi kíláàsì àwọn àkàndá ẹ̀dá sínú àwọn ilé-ìwé ìjọba kan. Ẹ bèèrè èyí tó súnmọ́ yín jù. Bí wọ́n bá lé ọmọ yín padà, ẹ má kàn gbé e pọ̀n kẹ́ ẹ máa sunkún lọ sílé.

Ti ìdánwò kò gbọdọ̀ bà yín lẹ́rù. Láti ọdún 2017, JAMB ní ìgbìmọ̀ kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ń darí, tó ń ṣètò ibi tí àwọn tí kò ríran ti máa jókòó ṣe ìdánwò yunifásítì bó ṣe rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ọ̀nà ti là. Ẹsẹ̀ ọmọ tó máa gba ibẹ̀ ni kò gbọdọ̀ kán sí kíláàsì kẹrin.

Àwọn baba wa kò fi irú ọmọ yìí ṣẹ̀sín. Àfín, abuké, arọ, ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pè wọ́n, wọ́n ní Ọbàtálá ló fọwọ́ ara ẹ̀ mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Àwa tá a láwa ti lajú yìí la wá ń fi pàṣán nà wọ́n pé wọn ò rí pátákó.

Mo rí ọmọkùnrin wa yẹn létí òkun kò pẹ́ yìí. Àwọ̀n ló ń tún ṣe, ó gbé e kàn ojú bó ṣe máa ń gbé ìwé kàn án. Títí dòní, kò sẹ́ni tó ra awò fún un, òun fúnra ẹ̀ sì ní kí lòun fẹ́ fi kà mọ́. Mo bèèrè ọmọ ẹ̀. Ó ní ó ti wà ní kíláàsì kejì, ṣùgbọ́n tíṣà ní kì í da iṣẹ́ ojú pátákó kọ bó ṣe yẹ. Ara mi bù máṣọ.

Lọ́jọ́ kejì, àwa méjèèjì la jọ lọ sílé-ìwé náà. Tíṣà ọmọ náà fetí sílẹ̀, ó sì gbé e wá síwájú lójú wa. Ṣùgbọ́n a ò tíì kúrò níbẹ̀. A bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣí rẹ́jísítà, kó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọmọ náà: kò ríran jìnnà, iwájú ni kó máa jókòó sí, ẹ máa ka ohun tẹ́ ẹ bá kọ síta. Bàbá ọmọ ló ní ká kọ ọ́. Ó mọ ohun tójú ẹ̀ rí lọ́jọ́ tí Àǹtí Kọ́pà lọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ PTA láti Àjàrà dé Ajídò, ẹ lọ ṣí rẹ́jísítà tiyín náà. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ kí kíláàsì tó yí padà o.